Àpá Ẹnu Lára Ewé: Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ohun Ọ̀gbìn Kékeré ní Malu Road

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé ọ̀gbà tí àwọn òyìnbó kọ, tí ó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹranko tí ń ba ohun ọ̀gbìn kékeré jẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ehoro. Ehoro ni ọ̀gá àwọn olè inú ọgbà lọ́dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà ká ìwé rẹ̀ mọ́ abíyá, kí ó wọ ọkọ̀ dé Malu Road, ọ̀nà tí ó so Àpápá pọ̀ mọ́ Ajégúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ó bi ìyá tí ó gbin tẹ̀tẹ̀ sínú ike àti táyà àlòkù ní ẹ̀yìnkùlé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe ti ehoro?" Ẹ̀rín ni ìyá náà yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò na ìka sí ewúrẹ́ aládùúgbò tí ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tí ó ń jẹ àpọ̀jẹ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí ní èdè wa, kí a sì kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní àyíká wa. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn nìkan. Ẹ fetí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó jẹ ewé wọn. Wọn kì í sọ pé nǹkan "jẹ ẹ́" kí wọ́n sì dákẹ́. Ewúrẹ́ ni ó máa ń já ewé. Eku ni ó máa ń gé e. Adìyẹ ni ó máa ń họ ilẹ̀. Òkété ni ó máa ń hú irúgbìn. Ikán ni ó máa ń mu igi. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe náà dáadáa ti mọ ọ̀daràn kí a tó dárúkọ rẹ̀. Lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni gbogbo àpilẹ̀kọ yìí dúró lé.

Kí a tó fi ehoro sílẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ kan tí a lè yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ehoro tí àwọn baba wa mọ̀ ni ehoro inú ọ̀dàn, èyí tí kì í gbẹ́ ihò, tí eré sísá ni agbára rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ apá Òkè-Ògùn mọ̀ ọ́n dáadáa. Èyí tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú ilé onípákó lónìí ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, ìyẹn a sì máa gbẹ́ ilẹ̀ gidigidi. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọgbà tí yóò dá ẹni tí ń sáré dúró kì í ṣe ọgbà tí yóò dá ẹni tí ń gbẹ́lẹ̀ dúró. Àwọn ará Ọsirélíà fi ojú rí i. Ní ọdún 1859, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Austin tú ehoro 24 sílẹ̀ ní Barwon Park ní Victoria, kí ó lè máa rí nǹkan yìn níbọn. Wọ́n bí, wọ́n rẹ̀, wọ́n sì tàn kálẹ̀ débi pé láàrin ọdún 1901 sí 1907, ìjọba apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà ní láti ṣe ọgbà onírin mẹ́ta, tí gígùn wọn lápapọ̀ ju kìlómítà 3,000 lọ. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ehoro ti kọjá sí òdìkejì. Ní ọdún 1950 ni wọ́n tó fi àrùn kan tí a ń pè ní myxomatosis jà wọ́n. Ọgbà tí a ṣe lẹ́yìn tí olè ti wọlé, olè gan-an ni ó ń bá wa ṣọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Malu Road. Orúkọ màlúù ni ọ̀nà náà ń jẹ́, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti fi ọwọ́ sí òfin tí ó tako dída màlúù kiri ní ìta gbangba ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ṣùgbọ́n òfin kì í dúró sí ẹ̀gbẹ́ ebè ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí onílé wà lọ́jà tí àwọn ọmọ sì wà nílé-ìwé. Bí a bá wo apá Àpápá, a óò rí ilé tí ó ní àgbàlá, koríko tí a gé, òdòdó, àti ẹni tí a ń sanwó fún láti máa bomi rin wọ́n. Bí kòkòrò bá jẹ òdòdó níbẹ̀, ojú ni yóò dun onílé. Ní apá Ajégúnlẹ̀, ilé fara kan ilé, ilẹ̀ kéré, omi sì máa ń yalé nígbà òjò; ohun tí a bá gbìn síbẹ̀, jíjẹ ni, tàbí títà. Ẹni tí ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí ebè tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó gùn ní mítà méjì, mọ̀ pé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tu ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì omi tí ó rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà ni ó fi ń rin ín. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó ewúrẹ́ kan láti fi gbogbo rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìjà àwọn ayálégbé tí ó ti inú ewébẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ṣe é kà tán.

ÀPÁ ẸNU

Àgbẹ̀ tí kò bá mọ àpá ẹnu yóò máa na ewúrẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ìgbín. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù láti wo àpá, kí oòrùn tó mú ewé rọ.

Ewúrẹ́ kò ní eyín òkè níwájú ẹnu. Ètè àti ahọ́n ni ó fi ń kó ewé jọ, kí ó tó fi eyín ìsàlẹ̀ tì í mọ́ èrìgì òkè, kí ó sì fà á já. Nítorí náà, ojú ibi tí ó ti já a kì í gún. A máa rí jágajàga bí aṣọ tí a fà ya. Bí ohun ọ̀gbìn náà bá ṣì kéré, yóò bá gbòǹgbò wá. Eku àti òkété ní eyín mímú lókè àti nísàlẹ̀. Tiwọn a máa dán, a sì máa dagun, bí ẹni pé ọ̀bẹ ni a fi gé e. Òkété tún ní àpò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í jókòó jẹun níbi olè jíjà, a máa di ẹrù rẹ̀ lọ sí ihò ni. Bí a bá gbin àgbàdo lánàá, tí a bá ihò kékeré lórí ebè lónìí, tí a kò sì rí hóró kankan nínú rẹ̀, kí a má ṣe fura sí adìyẹ. Adìyẹ kì í fi ihò kékeré sílẹ̀. Gbogbo ojú ebè ni yóò dàrú.

Èyí tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni ti kòkòrò tí ń gé igi ewé ní ojú ilẹ̀. Onílé yóò jí, yóò bá ata tàbí tòmátì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ nílẹ̀ gbọọrọ, ewé rẹ̀ pé, kò sí ohun tí ó jẹ ẹ́. Wọn a ní àwọn ọmọdé ni, tàbí kí wọ́n máa ronú sí ayé. Kí wọ́n fi ìka yẹ ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, bí oríkèé ìka kan sí ìsàlẹ̀. Wọn yóò bá ìdin kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tí ó ká ara rẹ̀ kò bí òrùka. Òun ni. Òru ni ó ń jáde, ọ̀sán ni ó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ òkú tí ó pa.

Ti ìgbín kò le. Ihò tí ó bá dá sí ewé kì í bára dọ́gba, ipa ọ̀nà rẹ̀ a sì gbẹ mọ́ ilẹ̀, a máa dán yanranyanran ní òwúrọ̀. Kì í ṣe ìgbín ńlá tí a ń dín nìkan ni mo ń wí. Àwọn ìpére kéékèèké tí kò kún obẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù lábẹ́ ike àti pákó ẹ̀yìnkùlé.

Lára ilá, ẹ wo bóyá ewé rẹ̀ rí bí asẹ́. Kòkòrò wínníwínní kan tí a máa fò pẹ́ẹ́ bí a bá na ọwọ́ sí i ni ó ń lu ihò wọ̀nyẹn, ó sì burú ju bí ó ti kéré lọ, nítorí pé òun náà ni ó ń gbé àrùn tí ń sọ ewé ilá di aláwọ̀ tótòtó láti ìdí kan dé ìdí kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ilá kò lè fara dà á. Bí ó bá ti kọjá ìyẹn, ilá tí ó lágbára lè máa jẹ́ kí wọ́n jẹ díẹ̀. Lára tẹ̀tẹ̀, bí ewé bá ká, tí a sì rí òwú tín-ín-rín tí ó so ó pọ̀, kí a tú u wò: ìdin aláwọ̀ ewé ni yóò wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ labalábá òru kékeré aláwọ̀ ilẹ̀, tí ó ní ilà funfun ní ìyẹ́.

Tata ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ dúdú tí ó ní àmì òféèfé, tí ó máa ń di aláwọ̀ yẹ́lò àti ewé nígbà tí ó bá dàgbà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un ni Zonocerus variegatus. Gbogbo ènìyàn ti rí i rí. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ a máa ṣù jọ sórí ewé kan ṣoṣo bí ẹni ń ṣe ìpàdé. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà, ohun tí wọ́n rí sì dára fún àgbẹ̀ tálákà. Àwọn abo tata kì í yé ẹyin sí ibi gbogbo. Wọ́n a máa kó ara wọn jọ sí abẹ́ igbó tí ó ní ìbòòji, wọn a sì ti ẹyin bọ ilẹ̀ tí kò jìn, ibẹ̀ ni ẹyin náà yóò wà fún ọ̀pọ̀ oṣù títí òjò yóò fi lọ. Igbó tí wọ́n fẹ́ràn ni èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù, tata kò yà á sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n ti ń kóra jọ, tí ó fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹyin hàn sí oòrùn, ó ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìná kọ́bọ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, ilẹ̀ òfìfo tí koríko bò lẹ́bàá ilé ni kí a kọ́kọ́ wò.

ỌGBÀ

Àwọn baba wa kì í ra wáyà. Lápálápá ni wọ́n máa ń rì mọ́ ilẹ̀ yí oko ẹ̀yìnkùlé ká, nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ewé rẹ̀. Wọ́n tún ń fi pèrègún àti akòko ṣe òpó ọgbà, igi tí ó yè tí ikán kò sì rí mu. Ìmọ̀ yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ilẹ̀, ẹni tí ó ní ebè kan ṣoṣo láàrin ilé méjì kò lè lò ó. Èso lápálápá sì ní májèlé; níbi tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, n kò ní gbà wọ́n níyànjú.

Bí a bá rí ilẹ̀ díẹ̀, wáyà alápò kò burú. Fún ewúrẹ́, kí gíga rẹ̀ má ṣe dín ní mítà kan àti àbọ̀ díẹ̀, nítorí pé yóò dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, yóò sì gbára lé e. Òpó rẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Ibí ni ehoro òyìnbó ti wúlò fún wa. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe ọgbà ehoro kì í rì wáyà lọ tààrà sínú ilẹ̀. Wọ́n a máa na sẹ̀ǹtímítà 90 sókè, wọn a sì tẹ sẹ̀ǹtímítà 15 ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta, sí ọ̀nà tí ẹranko yóò gbà wá, wọn a bo ó pẹ̀lú ilẹ̀. Ehoro a máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí ọgbà gan-an. Yóò bá wáyà, kò sì ní ọgbọ́n láti sún sẹ́yìn kí ó tó gbẹ́. Bí a bá lo wáyà tí ojú rẹ̀ kéré, ọgbọ́n yìí kan náà wúlò fún òkété.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ńkọ́? Àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìdáná. Apẹ̀rẹ̀ tí ó ti já ní ìdí, tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ìdí ata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́, tí a gbé òkúta lé, yóò dá adìyẹ dúró, yóò sì tún ṣe ìbòòji fún un. Agolo mílíìkì tàbí ti tòmátì tí a gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, tí a tẹ̀ bọ ilẹ̀ bí ìka méjì yí igi ewé kékeré ká, ni òpin ìdin tí ń gé igi. Kò lè gun agolo, kò sì lè gba abẹ́ rẹ̀. Kí a ṣá fi ọwọ́ tẹ etí agolo náà kí ó má baà gé wa. Fún ìdin tẹ̀tẹ̀ àti kòkòrò ilá, àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi igi mẹ́rin gbé dúró lórí ebè ni ó dára jù, kí a sì fi ilẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká láti ọjọ́ tí a gbin irúgbìn. Ẹ fi ọkàn sí èyí: àwọ̀n tí ìjọba ń pín nítorí ibà ní oògùn apakòkòrò lára. Kò yẹ kí a fi bo ohun tí a óò jẹ. Àwọ̀n lásán, tí a rà lọ́jà, ni kí a lò.

Eérú gbígbẹ tí a fọ́n yí ebè ká máa ń lé ìgbín, eérú tí a sì gbọ̀n sórí ewé ilá ní òwúrọ̀ tí ìrì ṣì wà máa ń dín kòkòrò rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n òjò oṣù kẹfà ní Èkó kò mọ̀ pé eérú wà níbẹ̀. Bí ó bá ti rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbín lásìkò òjò, pákó tútù kan tí a tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ebè ló sàn jù. Abẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò sá sí ní ìdájí, ibẹ̀ ni a óò sì ti ṣa wọ́n bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀.

Àwọn kan á ní kí a so ààlè. Ààlè dára, ó sì lọ́lá. David Doris kọ odidi ìwé kan lé e lórí ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ààlè ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò wo akúfọ́ igbá àti bàtà àlòkù kí ó tó mọ̀ pé a ń kìlọ̀ fún òun, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a tọ́ ní ìlú. Ewúrẹ́ lè jẹ ààlè náà mọ́ ẹ̀fọ́.

Ọgbà kan tún wà tí kò ní wáyà: ọ̀rọ̀ ẹnu. Onírúurú ẹ̀yà ni wọ́n ń gbé pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, Yorùbá, Ìlàjẹ, Íjọ̀, Ìgbò, Ùròbò, Haúsá, ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá sì kọ́ bí a ṣe ń gbin ùgwú lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Ìgbò. Kí ewúrẹ́ tó jẹ ewé ni kí a lọ bá ẹni tí ó ni í, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá Bọ́lá, ẹ káàárọ̀, mà. Mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ dákun, ẹ bá mi so ẹran yín mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n óò máa kó koríko tí mo bá tu àti èèpo iṣu wá fún un." Ẹni tí ó bá sọ báyìí lè tọrọ ìgbẹ́ ewúrẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, kí ó kó o jọ títí yóò fi jẹrà, kí ó sì fi ṣe ọ̀rá ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ju òkúta ní tirẹ̀, ewúrẹ́ yóò yarọ, ẹ̀fọ́ kò sì ní padà.

OÒGÙN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí. Oògùn ni wọ́n ń sáré rà. Nígbà kan, Gàmálìn ni. Oògùn tí a ń fi pa kòkòrò orí kòkó ni, tí àwọn kan tún ń dà sínú odò láti fi pa ẹja. Lindane ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti wà lára àwọn májèlé tí àdéhùn Stockholm kà léèwọ̀ fún ọ̀gbìn láti ọdún 2009. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọtapíápíá dé, tí dichlorvos wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de ìgò dichlorvos kékeré, ti mìlílítà 100, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó ní ìlòkulò, tí àwọn kan sì ń gbé e mu. Ẹ wo bí tẹ̀tẹ̀ ti rí: ewé gan-an ni a ń jẹ, ọjọ́ tí ó ń lò lórí ilẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí ó sì fọ́n oògùn sí i lónìí lè tu ú tà lọ́la. Àwọn àgbà ní ẹ̀bìtì tí kò pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Oògùn tí ó pa ìdin tí ó sì gba inú ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí ikùn ọmọ, ẹyìn ta ni yóò fi fún ta ni?

Dóńgóyárò wà ní gbogbo àdúgbò. Kí a gún ewé tútù rẹ̀ bíi kìlógíráàmù kan, kí a rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún mọ́jú, kí a sẹ́ ẹ, kí a pò ó pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí a sì wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí tí a fi yan ìrọ̀lẹ́ ni pé oòrùn a máa tètè ba ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́. Azadirachtin ni wọ́n ń pe ohun náà, ọdún 1968 ni wọ́n sì kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú èso igi náà. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ ni kì í wù ú jẹ mọ́, kò sì ní lè pa awọ dà. Ẹni tí ó bá ń wo ilẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì pé òkú kòkòrò dà, yóò rò pé kò ṣiṣẹ́. Kí ó wo ewé tuntun dípò bẹ́ẹ̀.

Ti eku, pàkúté ni mo fara mọ́. Kí a má fi ọwọ́ lásán gbé èyí tí ó bá kú, nítorí ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno sọ láti ọdún 1969, ti ara eku ni ó ti ń wá. Ọ̀rá tí a wọ̀ sọ́wọ́ tó.

Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ bá ti tó tu, tí ilá sì ti ga ju orúnkún lọ, a lè ká àwọ̀n kúrò. Ilá lè so nínú àwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbin ẹ̀gúsí tàbí elégédé sábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí i ní kété tí òdòdó bá yọ, kí oyin lè ráyè wọlé. Kí a fọ àwọ̀n náà, kí a sá a sí òjìji, kí a ká a sínú àpò títí di ìgbà tí a óò tún gbìn, nítorí pé oòrùn ni ó ń gbó àwọ̀n ju òjò lọ.